Dáṣíbọ́ọ̀dù Kò Ṣẹ̀ Yín

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ tòkunbọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí o, pàápàá ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti lé lógún ọdún, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti gbé èèyàn síwájú, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ́pẹ́, ẹ ó ní, "Bó ṣe wà yìí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò tíì gbó o." Ta ló bi yín ní ẹ́ńjìnnì? Ilẹ̀kùn tí ẹni tí ẹ gbé jókòó tì ló ń wò. Àwọ̀ áàṣì ló ní nígbà tó kúrò nílé-iṣẹ́, ó ti wá di aláwọ̀ mẹ́ta: òkè rẹ̀ ti ṣá, àárín rẹ̀ ti dúdú níbi tí ìgbọ̀nwọ́ èrò ti ń sinmi láti ìgbà Ọbásanjọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní àpá bàtà ọmọ yín tó ti ń kàwé ní yunifásítì báyìí.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Owó díẹ̀ á bọ́ sí yín lọ́wọ́, bóyá èèsú tí ẹ dá, bóyá owó oṣù àjẹsílẹ̀ tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí san. Éésì ọkọ̀ ti kú, ẹ ò ní jí i. Ṣọ́kù ń ké ní gbogbo kòtò, ẹ ó kàn yí rédíò sókè kí ẹ má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé kan, ẹ ó jókòó sínú ọkọ̀, ẹ ó wò yíká, ẹ ó mí kanlẹ̀, ẹ ó ní: "Mo máa yí àwọ̀ inú ọkọ̀ yìí padà." Ìyàwó yín á gbọ́ ọ láti ilé ìdáná, á sì dákẹ́, nítorí ó ti mọ̀ pé ọkùnrin tó bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn kò ní etí ìmọ̀ràn mọ́.

Àwọn ọkọ̀ tí mò ń sọ kò ṣàjèjì sí yín. Camry wà níbẹ̀, èyí tí a ń pè ní Pencil Light. Mercedes W124 wà níbẹ̀, V-boot tí àwọn bàbá yín fi ṣe fàájì kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún yín. Honda Accord ọdún 2003 sí 2007 náà kò gbẹ́yìn, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín sọ ní End of Discussion. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ parí nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ní báyìí, ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Àwọn tó wa Fọ́lísíwájìn ìjàpá láyé ọjọ́sí kò mọ irú wàhálà yìí. Irin ni dáṣíbọ́ọ̀dù Fọ́lísíwájìn yẹn, ọ̀dà tó wà lára ọkọ̀ lóde náà ló wà níbẹ̀. Bó bá ṣá, ẹni tó kun ìta á kun inú, ó parí. Ike ló kó wa sí yọ́ọ́yọ̀ọ́.

Ike inú ọkọ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ẹ tú èyí tó bá wù yín, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ ó rí lẹ́tà kéékèèké tí àwọn tó ṣe é tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀: >PP<, tàbí >ABS<, nígbà mìíràn >PC+ABS<. Orúkọ ike náà nìyẹn. ABS gbọ́ràn, ojú rẹ̀ ń gba ọ̀dà; òun ni wọ́n sábà fi ń ṣe férémù tó yí rédíò ká. PP, ìyẹn polypropylene, òun ló pọ̀ lára ilẹ̀kùn àti lára òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, òun sì ni alágídí ilé. Kò fẹ́ kí ohunkóhun lẹ̀ mọ́ òun lára. Ẹ da ọ̀dà lásán lé e, omi lórí ewé kókò ni. Òun kan náà ni ọ̀pọ̀ abọ́ onídèérí tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí fún yín lóde àríyá, èyí tí ẹ ń kó jọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ nù. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń yí agolo mílíìkì lókè-nísàlẹ̀ láti ka ọjọ́ tó máa bàjẹ́, lẹ́tà méjì péré lẹ́yìn ike ni ẹ ò rí kà.

Ta ló wá ba àwọ̀ ike náà jẹ́? Oòrùn ni. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ìtànṣán kan wà tí ojú kò rí, òun ló ń já okùn tó so ike pọ̀, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kò sì dá gbogbo rẹ̀ dúró. Bí ọkọ̀ bá wà lóòrùn tí wọ́n ti gbogbo gíláàsì rẹ̀, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù lè gbóná kọjá 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ ti di sítíárín mú rí lọ́sàn-án gangan, tí Kìrìsìtẹ́nì inú yín ké pe Jésù, tí Mùsùlùmí inú yín sì ṣe Láìláhà. Igi mángòrò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé o. Ẹ ní ẹ ò páàkì síbẹ̀, ẹ ní ẹyẹ á ṣu sí ọkọ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹ, omi á ṣàn án. Ẹ wá gbé ọkọ̀ sí gbangba láti àárọ̀ dalẹ́, kí oòrùn fi ṣe bó ṣe wù ú, lẹ́yìn náà ẹ ní Toyota kò ṣe é dáadáa.

Toyota náà kò mọ́ pátápátá, kí n má parọ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbà láti bá àwọn kan tó ní Camry ọdún 2007 sí 2011 pààrọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ooru àti ọ̀rinrin ń mú kí ojú rẹ̀ yọ́, kó máa dán yanranyanran, kó sì máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Camry yẹn gan-an ni àwa ń pè ní Muscle. Ẹni tó ń gbé ní Florida wakọ̀ lọ, ó gba tuntun. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní Bẹ́gà l'Ápápá, aṣọ ìnura ló tẹ́ lé e, ó ní òun ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fín ọ̀dà sí dáṣíbọ́ọ̀dù tó ti ń yọ́. Ohun tó ń lẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ṣì máa lẹ̀, kìkì pé á ní àwọ̀ tuntun tí yóò máa fi lẹ̀ mọ́ yín lára.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ dídán, ó kàn yín. Ẹ ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ l'Ójòótà, ọmọkùnrin kan sì ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ yín tòun ti ìgò pọ́líìṣì. Ó fín díẹ̀ sí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó sọ pé rárá, ó fi àkísà nù ún, apá ibẹ̀ dán, ó dúdú. Ẹ ra ìgò méjì. Láti ọjọ́ náà ni dáṣíbọ́ọ̀dù yín ti ń dán débi tí ẹni tó jókòó níwájú ń fi í yọ ẹran nínú eyín. Ìtànṣán oòrùn tó bá sì ti kọlù ú, ó ti gba inú gíláàsì iwájú padà sí yín lójú, ẹ ò rí kòtò, ẹ ò rí ọlọ́kadà, ẹ ń wakọ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Sílíkónì ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn pọ́líìṣì wọ̀nyẹn, ìyẹn sì ni ọ̀tá ọ̀dà tó burú jù. Bó ṣe wù kó kéré tó lójú ike, ọ̀dà tí ẹ bá fín lé e á máa sá fún ibẹ̀, á máa lu ihò roboto roboto. Ẹ ó wá sọ pé ayé ló ń ṣe yín.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa. N ò ní dárúkọ wọn, nítorí wọ́n tóbi jù mí lọ, mo sì jẹ wọ́n ní gbèsè. Àwọn àti Camry wọn, Pencil Light, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, àbùkù tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ tiwa lápapọ̀.

Ẹ̀gbọ́n gba Ládípò lọ ní Mushin, níbi tí nǹkan ọkọ̀ kì í ti í wọ́n bí ẹ bá mọ̀ ọ́n yọ. Wọ́n dúró níwájú ìsọ̀ ọlọ́dà.

"Àwọ̀ wo lẹ fẹ́, bàbá?"

"Èyí tó máa bá inú ọkọ̀ mi mu."

"Àwọ̀ wo ni inú ọkọ̀ yín?"

Ẹ̀gbọ́n ronú títí. "Áàṣì ni nígbà tí mo rà á."

Ọlọ́dà na agolo kan sí wọn, àwòrán kẹ̀kẹ́ àti fíríìjì ló wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yí i, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìlà tí wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n ń kà á sókè: irin, igi, sìmẹ́ńtì, séráámíìkì. Ike kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kà á tán, wọ́n mi orí, inú wọn dùn pé nǹkan tó lè mú sìmẹ́ńtì, kí ni ike já mọ́ lójú rẹ̀? Wọ́n wá bèèrè àwọ̀ mìíràn tó wà. Ọlọ́dà ní wúrà wà.

Olúwa mi o! Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí wúrà yìí. Kí ló wà láàrin ọkùnrin Yorùbá tó ti lé ní àádọ́ta ọdún àti ọ̀dà wúrà? Ó ti fi kun orí gééètì. Ó ti fi kun kìnnìún méjì tó jókòó níwájú ilé, tí ọ̀kan nínú wọn kò ní imú mọ́. Ó fi kun férémù àwòrán òun fúnra rẹ̀. Àfi ìgbà tí inú ọkọ̀ náà bá di wúrà kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò sàn jù ú lọ: èyí tó ń ṣe Arsenal fín tirẹ̀ ní pupa, èyí tó ń ṣe Chelsea fín tirẹ̀ ní búlúù, èyí tí kò ṣe ẹgbẹ́ kankan lọ ra sítíkà aláwọ̀ pákó, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọrùn jíà, afẹ́fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ó wú. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé pákó gidi ni. Pákó gidi tó ń wú!

Ẹ̀gbọ́n ra wúrà méjì, wọ́n padà sílé.

Títú ni ìṣòro kejì. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi kílíìpù há ike ilẹ̀kùn mọ́ irin, wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì díẹ̀ pamọ́ sí ibi tí ojú kò tó, ọ̀kan lẹ́yìn háńdù, ọ̀kan nínú ihò ibi tí a ń fà láti ti ilẹ̀kùn. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ nọ́ọ̀tì ná, kí ẹ tó fi irinṣẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ike ṣe tú kílíìpù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n kò mọ̀ nípa nọ́ọ̀tì. Ọ̀bẹ ìdáná ni wọ́n mú wá, èyí tí ìyàwó wọn fi ń gé ẹ̀fọ́, wọ́n tì í bọ àárín ike àti irin, wọ́n fà. Tá! Wọ́n ní, "Kílíìpù ni." Tá! "Kílíìpù ni." Gbà! Wọn kò sọ nǹkankan fún ìyẹn. Nígbà tí wọ́n tò ó padà nírọ̀lẹ́, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ṣẹ́ kù sínú ife, wáyà kan ń rọ̀ lábẹ́ pijinhóòlù, gíláàsì apá ọ̀tún kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ló fi nọ́ọ̀tì kún un ju bó ti yẹ lọ.

Ìyàwó wọn gbé ìjókòó síta, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Dádì, ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́?"

"Mo ti nù ún."

"Kí lẹ fi nù ún?"

"Bẹntiróò."

Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n, ó wo ẹ̀wà, ó ń ṣà á lọ.

Àsìkò ọyẹ́ ni o. Eruku ń fẹ́ láti ojú títì. Ẹ̀gbọ́n to gbogbo ike náà sórí páálí lẹ́bàá ilé adìẹ, wọ́n gbé agolo súnmọ́ ọn títí imú agolo fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ike, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fín. Wọn kò fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n fín in títí ó fi ń ṣàn, tí omijé wúrà ń já bọ́ láti etí ilẹ̀kùn. Eruku bà lé e. Ìyẹ́ adìẹ kan, kékeré, funfun, bà lé ojú ilẹ̀kùn awakọ̀ gan-an, ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi ìka yọ ọ́, ìka náà fi àpá sílẹ̀, wọ́n fín òmíràn lé e. Ìyẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ ó rí i bí ẹ bá tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti di bẹ́líìtì.

Ká má parọ́, ó dán lọ́jọ́ kìíní. Ẹ̀gbọ́n wakọ̀ yípo àdúgbò láìní ibi tí wọ́n ń lọ. Òórùn ọ̀dà tútù pọ̀ nínú ọkọ̀ débi tí wọ́n fi gbogbo gíláàsì sílẹ̀, àyàfi ti apá ọ̀tún, èyí tí kò lè sọ̀kalẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, òde ìnáwó kan wáyé n'Íkòròdú. Ẹ̀gbọ́n wọ agbádá funfun, wọ́n ti fi sítáàṣì gbé e dìde, wọ́n gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ilẹ̀kùn bí ìṣe wọn. Ooru mú. Òógùn dé. Nígbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ níbi ìnáwó, ọ̀dà ilẹ̀kùn ti bó sí agbádá wọn lọ́wọ́ òsì ní ìpẹ́ ìpẹ́, ó ń tàn wìnnìwìnnì. Onílù rí i lókèèrè, ó rò pé ọba kan ló dé, ó sá lọ pàdé wọn, ó ń kì wọ́n. Ẹ̀gbọ́n kò lè ṣàlàyé. Wọ́n kàn ń náwó fún un ni.

Ẹ̀bi ta ni? Kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀dà. Kódà, kì í ṣe ẹ̀bi wúrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò ní í dárí ji wúrà. Iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì ń pẹ́. Ohun tó ń pa ẹ̀yin ni pé fífín ló ń wù yín, fífọ̀ kò wù yín. Bí ẹ bá gbé ike yín lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́, ẹ ó bínú sí i, nítorí títí oòrùn ọjọ́ náà á fi wọ̀, kò ní fín ẹyọ ọ̀dà kan. Ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló máa kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn náà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, nítorí ojú ike kò tẹ́jú, wọ́n ṣe é ní kínníkínní kó lè jọ awọ, inú kínníkínní yẹn ni òróró ọwọ́ yín ti ń gbé láti ogún ọdún. Á fi ọtí isopropyl nù ún, á pààrọ̀ àkísà, á tún nù ún, títí àkísà funfun á fi jáde ní funfun. Á wá wọ́n omi sí i. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú ike ti mọ́. Bó bá kó ara rẹ̀ jọ ní bọ́tọbọ̀tọ, ó lè jẹ́ pé sílíkónì ṣì wà níbẹ̀, ó ti tún gbé búrọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ibi tí ẹ ti ń wo aago, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, á fi kànrìnkàn eléérú tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń lò ra ojú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kó lè ṣú díẹ̀. Sáńpépà líle kọ́ o! Ẹ̀yin tí ẹ gbé sáńpépà ilé káfíńtà ti ike, ẹ ti fá kínníkínní yẹn kúrò, kò sì sí ọ̀dà tó lè dá a padà. Ilẹ̀kùn yín á máa dán gbinrin nígbà tí dáṣíbọ́ọ̀dù ṣì jọ awọ. Bó bá jẹ́ PP ni, á kọ́kọ́ fín oògùn ìdìmú, èyí tí àwọn ọlọ́dà ń pè ní adhesion promoter, tí kò ní àwọ̀, fẹ́lẹ́ báyìí, kó tó kan ọ̀dà. Ọ̀dà tó máa lò náà, ti ike àti fáínìlì ni, èyí tó ń tẹ̀ tí kì í sán. Á jìnnà sí ike tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Ìfín àkọ́kọ́ á rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ ó ṣì máa rí àwọ̀ àtijọ́ lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì pariwo pé kò bo ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Á dúró kó gbẹ, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á tún fín òmíràn fẹ́lẹ́, títí yóò fi bò ó. Adìẹ kò ní sí nítòsí.

Nípa àwọ̀ tí ẹ ń wá kiri, ó wà lára ọkọ̀ yín tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ Toyota, ẹ wo òpó irin tó wà níbẹ̀, wọ́n lẹ páálí pélébé kan mọ́ ọn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ C/TR sí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ̀dà ìta, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti inú. Ẹ mú u lọ bá ẹni tó ń po ọ̀dà. Kò sí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ máa mú ife tíì wá, kí ẹ máa sọ fún un pé, "Irú èyí, ṣùgbọ́n kó pọ́n díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ibi tí ẹ bá rí SRS AIRBAG tí wọ́n kọ sí, yálà láàárín sítíárín, lójú dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú èrò, tàbí lára òpó àti ìjókòó, ẹ má fín ọ̀dà síbẹ̀, ẹ má fi pọ́tì dí i, ẹ má lẹ nǹkankan mọ́ ọn. Wọ́n ti mú ẹ̀yìn ike yẹn fẹ́lẹ́ ní ìlà kan kó lè ya níbẹ̀ nígbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí àpò inú rẹ̀ sì jáde kó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ọ̀dà tó le gbagidi lórí ìlà náà lè dá a dúró, tàbí kó fọ́ wẹ́wẹ́ kó ta sí yín lójú. Ẹ fi àkísà tútù nù ún, ẹ fi àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí kò bá bá ìyókù mu, kó má bá a mu. Ó ṣáà wà níbẹ̀ fún ẹ̀mí yín.

Sítíárín fúnra rẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ kùn ún ní dúdú tó ń dán, ẹ ti rí àtẹ́lẹwọ́ yín? Ẹ bọ ọwọ́ pẹ̀lú pásítọ̀ ní Sọ́ńdè, àpá ìka márùn-ún jókòó sẹ́yìn ọwọ́ pásítọ̀. Ohun tí ọwọ́ ń dì mú lójoojúmọ́, tó ń lágùn sí, awọ tuntun ni ẹ fi rán an. Ó sàn ju owó ọṣẹ tí ẹ máa fi fọ agbádá lọ.

Àwọn onímáíkírà Ìbàdàn ti rí ojútùú tiwọn, mo sì kan sáárá sí wọn. Nissan Micra tí ẹ bá wọ̀ ní Mókọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀, irin lásán ni inú ilẹ̀kùn rẹ̀, okùn ni wọ́n fi ń fà á tì, ibi tí rédíò wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń kó ṣéńjì sí. Wọn kò yí àwọ̀ ike padà. Ike ni wọ́n mú kúrò. Ẹ̀yin onídánfó Èkó ni kò jẹ́ kí n sinmi, ẹ̀yin tí ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì onírun pupa lé dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ yẹ́lò, ìlà dúdú, irun pupa nínú. Èrò tó wọ̀ ọ́ ní Ọ̀shòdì kò mọ̀ bóyá òun ń lọ sí Ìyànà Ìpájà tàbí òun ti wọ inú ẹran kan lọ.

Ẹnì kan á ní, ṣé VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò ò ní mú òun bí òun bá yí àwọ̀ inú padà? Ara ìta ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ẹ bá yí ti ìta padà, ẹ gbọ́dọ̀ lọ tún ìwé ọkọ̀ ṣe kó bá àwọ̀ tuntun mu. Ti inú, ìyàwó yín nìkan ló máa bi yín.

Èmi ti wo ọ̀rọ̀ yìí sọ́tùn-ún sósì, ìdájọ́ mi sì rèé. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò nílò ọ̀dà rárá. Ọṣẹ lẹ nílò. Ẹ mú kọ́nà kan ṣoṣo lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ wá fi wé ibi ìgbọ̀nwọ́ yín. Bí áàṣì bá yọ lábẹ́ ẹ̀, ìdọ̀tí lásán ni ẹ ti ń gbé káàkiri Èkó, ẹ lọ fọ ìyókù. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló ti ṣá, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́, ẹ má sì kánjú mọ́ ọn lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra wúrà sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ má sọ ọ́ nù. Irin ni gééètì yín, wọ́n sì ti kọ ọ́ sára agolo pé ó ń mú irin.